Mo fẹ́ ra igbó kékeré nílùú òyìnbó (igbó onígi o, ẹ má rò ó síbòmíì)

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ilé o gbogbo yín. Èmi àti ọkọ mi ń gbé nítòsí Maidstone ní Kent. A rí igbó kékeré kan tí wọ́n ń tà, éékà 3 ó lé díẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé igbó àtijọ́ ni, "ancient woodland". A ní owó díẹ̀ nílẹ̀, kò pọ̀. Ọkọ mi ní ká fi ra ilẹ̀ sí Ìbàdàn, èmi ni igbó yẹn ń wù ní tèmi, láti ọjọ́ tá a ti lọ wò ó ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tí mo bi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Ta ló ti rà á rí? Kí lẹ fi ń ṣe? Ṣé èèyàn lè kọ́ yàrá kan péré síbẹ̀? Ẹ má bú mi o.

* * *

Àbúrò mi, ẹ káàbọ̀. Èmi ti rà á. Ọdún 2016 ni, éékà 4 ó lé díẹ̀, ní Sussex, ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní High Weald. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní London nígbà yẹn, òun náà ni mo ṣì ń wà. Ọjọ́ tí mo pe màmá mi ní Iléṣà pé mo ti ra igbó, wọ́n dákẹ́ lórí fóònù, wọ́n wá ní "Ìwọ! Pẹ̀lú ewú orí ẹ yìí? Àtìgbà wo lo ti ń fà á?" Ó tó ìṣẹ́jú 5 kí n tó rí wọn fi yé pé igi ni, igi tó dúró lórí ilẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wé sínú bébà.

Ẹ jẹ́ n tètè mú ọ̀rọ̀ yàrá kan kúrò ńlẹ̀. Ẹ ò lè kọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ mọ ẹnì kan ní káńsù. Ìlànà ìjọba England lórí ilé kíkọ́ ni pé ohunkóhun tó bá máa ba igbó àtijọ́ jẹ́, kí káńsù kọ̀ ọ́, àfi tí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é bá tóbi kọjá kèrémí, bíi ojú irin tí gbogbo orílẹ̀-èdè máa lò. Yàrá kan tẹ́ ẹ fẹ́ máa ti wo ẹyẹ ò sí lára ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀dì irinṣẹ́ lè ṣeé ṣe tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ igbó lóòótọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí káńsù kẹ́ ẹ tó gbé pákó kan lé èkejì. Tẹ́ǹtì ò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin fàyè ọjọ́ 28 sílẹ̀ lọ́dún fún kéèyàn lo ilẹ̀ fún nǹkan tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ gangan. Ẹni tó bá ní "ẹ gbé káráfáànù wọlé, ta ló máa rí yín?", ẹ bi í bóyá òun ló máa sanwó lọ́yà.

* * *

Ẹnì kan bi mí lábẹ́ ibí yìí pé kí ló wá jẹ́ àtijọ́ nínú igi tí ò ga tó èyí tó wà nínú ọgbà ilé ìwé ọmọ òun. Ìbéèrè gidi ni, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé igi arúgbó ni wọ́n ń tà fún wa.

Ní England, ilẹ̀ tó bá ti jẹ́ igbó láti 1600 títí dòní láìdáwọ́ dúró ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Scotland, 1750 ni. Ìdí tí wọ́n fi mú 1600 ni pé ìgbà yẹn ni máàpù tó ṣeé gbára lé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbin igbó ṣáájú ìgbà yẹn, torí náà èyí tó bá ti wà nílẹ̀ nígbà náà, ó jọ pé ó ti wà tipẹ́tipẹ́. Ṣẹ́ ẹ wá rí i, ilẹ̀ ló gbó. Erùpẹ̀ tí wọn ò kọ ebè sí láti ìgbà yẹn, àti gbogbo nǹkan tó ń gbénú ẹ̀. Igi orí ẹ̀ lè máà ju ọmọ 15 ọdún lọ. Gbogbo irú ẹ̀ tó ṣẹ́kù, tẹ́ ẹ bá kó o jọ, kò ju bíi 2.5% ilẹ̀ UK lọ.

Àmọ́ ẹ má pè é ní ẹgàn. Mo rí i táwọn kan ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Igbó tí àdá ò tíì wọ̀ rí làwọn bàbá wa ń pè lẹ́gàn. Eléyìí, àdá ti wọ̀ ọ́, ó ti wọ̀ ọ́ sú. Ibì kan wà nínú tèmi tó tẹ́jú, tó rí roboto, ó tóbi tó ibi tí wọ́n lè tẹ́ ẹní 4 sí. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo rò pé àwọn ọmọ kan ló pàgọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ kan mo fẹsẹ̀ tú ewé kúrò, mo fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ bíi ìka 4, erùpẹ̀ kàn yí dúdú, ó ń kùn mí lọ́wọ́, eérún èédú ló kúnnú ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sun èédú fáwọn tó ń rọ irin ni. Láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti ń yọ irin ní Weald, láyé ọdún 1500 sókè ló wá gbóná, wọ́n kọ́ iná ìléru ńláńlá, wọ́n ń rọ ìbọn àgbá fún ọba. Igbó wọ̀nyí ló ń bọ́ iná yẹn. Wọ́n á gé e, á hù, wọ́n á tún gé e. Bàbá tó bí bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Mo jókòó sídìí ihò tí mo gbẹ́ yẹn, mi ò ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

* * *

Ká wá dórí ìjà gidi. Ṣé ká gé e àbí ká má gé e?

Àwọn kan ní "igbó àtijọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kó máa ṣe tiẹ̀". Ó dùn létí. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún 2 gbáko, mo kàn ń lọ jókòó, mò ń mu tíì. Àmọ́ ẹ wá wo nǹkan tí mò ń jókòó sí: igi hazel tẹ́nì kan ò gé láti bíi 40 ọdún, gbogbo wọn ti ga gbọọrọ, wọ́n ti fi orí kan orí, ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn bí inú àká, kò sí òdòdó, labalábá ò ya ibẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tí igbó wa pààlà, tó ti ń la igi chestnut ṣe ọgbà látìgbà ọ̀dọ́, ló mú mi lọ wo ibi tóun gé lọ́dún 3 sẹ́yìn. Oòrùn wọlé, òdòdó funfun, yẹ́lò, àyìnrín, gbogbo kòkòrò ń kùn. Ìgbà yẹn lojú mi là.

Coppice ni wọ́n ń pe gígé yẹn. Ẹ máa gé igi kanlẹ̀ nígbà òtútù, kùkùté ò ní kú, tí ooru bá dé á yọ èéhù bíi 10, bíi 20. Hazel, ọdún 7 sí 10 ẹ tún gé e. Chestnut máa ń tó 12, ó lè tó 20. Gígé yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó pẹ́ láyé. Igi lime kan (kì í ṣe ti ọsàn wẹ́wẹ́ o) wà ní Westonbirt ní Gloucestershire tí wọ́n ń gé bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ gbà pé ó ti tó nǹkan bí 2000 ọdún. Àwa ọmọ olóko, kò yẹ kéyìí yà wá lẹ́nu. Kòkó tó bá ti gbó, bàbá mi á gé e nílẹ̀, wọ́n á dá ọ̀kan sí nínú èéhù ẹ̀, ìyẹn ló máa di igi tuntun. Tíkì ńkọ́? Ẹ gé e lónìí, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù 3, ẹ wo bó ṣe ń yọ lára kùkùté.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé èmi sọ ọ́ kẹ́ ẹ gbé ayùn elẹ́ńjìnnì wọ̀ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni. Mo pín tèmi sí ọ̀nà 8, ọ̀nà kan lọ́dún, láti October sí ìparí February, kí ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, torí òfin 1981 lórí ẹranko ìgbẹ́ ò gbà kẹ́ ẹ tú ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà tún wà ńbẹ̀. Igi coppice tí ò bá nípọn ju 15cm lọ, kò sí wàhálà. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, 5 cubic metre lẹ lè gé nínú oṣù 3 kọ̀ọ̀kan láì gbàwé lọ́wọ́ Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó, kẹ́ ẹ sì má tà ju 2 lọ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé jù bẹ́ẹ̀, ẹ gba láísẹ́ǹsì. Òfin àyíká tí wọ́n ṣe ní 2021 ti jẹ́ kí ìtanràn ẹni tí ò gbàwé di aláìlópin. "Igi mi ni, mo lè gé e bó ṣe wù mí" ò dá yín sílẹ̀ ní kóòtù.

Ẹ sì wo ẹni tẹ́ ẹ máa lé jáde kẹ́ ẹ tó gé. Eku kan wà tí wọ́n ń pè ní dormouse, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ara ẹ̀ pọ́n bí ọsàn, nílẹ̀ lábẹ́ ewé ló ń sùn gbogbo ìgbà òtútù. Òfin dáàbò bò ó gan-an. Ẹ lè máà rí i láé, àmọ́ ẹ máa rí àjẹkù ẹ̀. Ẹ ṣa èèpo èso hazel nílẹ̀. Tó bá là sí méjì, ọ̀kẹ́rẹ́ ló jẹ ẹ́. Tí ihò kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó rí roboto, tí inú etí ihò yẹn sì ń dán bíi pé wọ́n fi sáńpépà há a, dormouse ni, ẹ rọra ṣe.

* * *

Ẹni tó ní òun gé tòun tí ò hù mọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Àgbọ̀nrín ló jẹ ẹ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gé, èéhù yọ ní May, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo fámílì. Nígbà tí mo padà lọ ní June, kùkùté mi dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Wọn ò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí mò ń dáná sun tẹ́lẹ̀ ni mo wá ń tò yí ibẹ̀ ká, mò ń hun ún wọnú ara wọn bí ọgbà títí tó fi dé mi láyà. Kò dí gbogbo wọn lọ́nà. Ó dí èyí tó ya ọ̀lẹ nínú wọn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú (grey squirrel) náà wà ńbẹ̀. Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó wọn wá láyé ọdún 1870 sí i, wọ́n ń bó èèpo igi bíi pé wọ́n ń bó ìrèké. Mi ò tíì rí ojútùú tiwọn.

* * *

Owó. Ọkọ àbúrò mi, tẹ́ ẹ bá ń ka eléyìí, ẹ má bínú sí mi, tó bá jẹ́ èrè lẹ ń wá, ẹ̀yin lẹ jàre. £48,000 ni mo san, yàtọ̀ sí owó lọ́yà. Igbó kékeré máa ń wọ́n ju ńlá lọ tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ ní éékà kan éékà kan, torí àwa tá à ń wá ibi tá a ti máa mu tíì pọ̀. Ohun tó ti mú wọlé fún mi ni igi ìdáná àti ọ̀pá hazel táwọn tó ń gbin ẹ̀wà lẹ́yìnkùnlé ń rà. Igi ìdáná gan-an, láti 2021 ní England, tẹ́ ẹ bá ń tà á díẹ̀díẹ̀, omi ara ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 20% lọ, ìyẹn ni pé ẹ gé e, ẹ là á, ẹ tò ó, ẹ bò ó lórí, ẹ wá dúró. Igi oak fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún 2. Ìgbà kan wà tí mo ṣírò gbogbo nǹkan tí mo tà lọ́dún kan, kò tó owó epo tí mo fi ń wa mọ́tò lọ síbẹ̀. Wọ́n ní owó igi téèyàn bá tà nínú igbó tó ń fi ṣòwò ò ní owó orí. Ó dáa, àmọ́ kí lẹ fẹ́ kí wọ́n gba owó orí lórí ẹ̀?

Ẹni tó ní "kò sí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn nìkan tó èrè", ẹ rọra o. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìgò wá bá yín, lóòótọ́, orúkọ yín á sì wà ní Land Registry, níbi tí ìjọba ń kọ orúkọ onílẹ̀ sí. Àmọ́ ẹ ka ìwé yẹn dé ẹ̀yìn. Nínú tèmi, ẹni tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ti fi ẹ̀tọ́ ọdẹ ṣíṣe sílẹ̀ fún ara ẹ̀, lọ́yà mi ò pariwo ẹ̀, ojú ìwé kejìlá ló wà. Láàárọ̀ Sátidé kan ni mo gbọ́ ìbọn nínú igbó tí mo fowó mi rà. Ẹ bèèrè ìyẹn, kẹ́ ẹ bèèrè ta ló ni ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà wọlé àti ta ló máa ń tún un ṣe.

* * *

Ìyá ìbejì bèèrè bóyá àwọn lè ṣe bọ́ọ̀dè nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ìtìjú mi fún yín.

Mo ṣe 50 ní May 2018. Mo ní ibo la tún fẹ́ lọ. A tó 30, a gbé kúlà, a gbé gáàsì, a gbé ìkòkò ìrẹsì, àbúrò mi gbé sípíkà. Bluebell, òdòdó aláwọ̀ aró inú igbó, sì ti yọ, ilẹ̀ dà bí ẹni tẹ́ aṣọ òfì aláwọ̀ aró. Ẹ mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì bluebell tó wà láyé, UK ló wà. Gbogbo ayé wọ àárín ẹ̀ lọ ya fọ́tò, àwọn ọmọdé yí gbiiri, àwọn àǹtí fi gèlè dúró ńnú ẹ̀, ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Bàbá òyìnbó ọjọ́sí kọjá, ó kí wa, ó jẹ ìrẹsì, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá sọ ọ́ pé ewé bluebell tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ pẹ́ẹ́, kò lè bọ́ iṣu ẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibi tá a rìn hàn gbangba bí ìlà téèyàn fi ṣọ́ọ̀kì fà. Ó ṣì hàn lọ́dún kejì. Òdòdó funfun kékeré kan tún wà láàárín wọn, wood anemone, òun ò kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 ní 100 ọdún tó bá ń tàn kálẹ̀. Àwa sì lọ jó ṣakí lórí ẹ̀.

Torí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ṣe bọ́ọ̀dè. Ẹ ṣe é ní August, lórí ọ̀nà, ẹ fi sípíkà sílé. Ẹni tó ní kí n hú díẹ̀ fún òun lọ gbìn sí gáádìnì, òfin ò gbà kẹ́ ẹ hú ti igbó tà, èmi náà ò sì ní fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

* * *

Kíákíá, torí shift mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀:

Olú, ẹ má jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé olú ọ̀gán lẹ dàgbà sí. Kò sí ọ̀gán níbí. Èyí tí wọ́n ń pè ní death cap ń hù lábẹ́ oak, kò burú lójú, kò burú lẹ́nu, ó ń pa èèyàn.

Wild garlic, ewé igbó tó ń rùn bí aáyù, wà, òórùn ẹ̀ nìkan á mú yín débẹ̀ ní April. Ìyàwó mi ń gé e sínú ẹ̀fọ́ rírò. Ẹ já ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ má fa ìdì, torí ewé kan tó lóró tí wọ́n ń pè ní lords-and-ladies máa ń hù sáàárín ẹ̀.

Eégbọn! Ẹ ki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá. Mo ti fi ẹ̀mú yọ 3 lára mi lọ́jọ́ kan. Tí ara bá pọ́n roboto níbi tó ti bù yín jẹ, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí, ẹ má fi àdí pa á.

Ewúro, ugu, ẹ má gbìn ín síbẹ̀. Ẹ má gbin ohunkóhun síbẹ̀.

* * *

Mo ti padà. Mo rí i pé ẹnì kan bèèrè bóyá àwọn òyìnbó ibẹ̀ ò ní yọ wá lẹ́nu. Ọdún àkọ́kọ́, àwọn tó ń da ajá kiri bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin pé ṣé mo sọnù ni. Nínú igbó mi o, àdá lọ́wọ́, mò ń làágùn. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, èmi ni mo kọ́kọ́ bi obìnrin náà pé ṣé ó sọnù ni. A ti di ọ̀rẹ́ báyìí. Òun ló pè mí nígbà tí ẹ̀ka igi ash já sórí ọ̀nà.

Ẹ fọkàn sí ash yẹn dáadáa. Àrùn kan ń pa á, ọdún 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní UK, ewé ẹ̀ á máa dúdú, á máa rẹ̀ láàárín ooru, orí igi á pá, ẹ̀ka á wá gbẹ, á máa ṣẹ́ láì sí atẹ́gùn. Tí èyí tó ní in bá wà lẹ́bàá ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà, ọrùn yín ló wà. Mo san £900 fáwọn tó ń gun igi kí wọ́n tó gé 2 péré. Ẹ má gùn ún fúnra yín. Ìńṣọ́ráǹsì náà, ẹ gbà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ géètì.

Àbúrò mi, mo tún lọ wo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ní "láti ọjọ́ tá a ti lọ wò ó". Oṣù wo lẹ lọ? Tó bá jẹ́ May, ẹ ò tíì rí nǹkan kan, bluebell ló ń bá yín sọ̀rọ̀, gbogbo ẹni tó ń ta igbó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ padà lọ ní February, lẹ́yìn òjò ọjọ́ 3, ẹ mú ọkọ yín dání. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ojú títì dé inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wo bóyá bàtà yín á bá yín délé, torí amọ̀ Weald yẹn ti gba bàtà mi rí, ó tún gba Corolla mi, trákítọ̀ ló fà á yọ. Ẹ wo ibi tí omi dúró sí. Ẹ ka ash. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan láì sí òdòdó, láì sí oòrùn, kẹ́ ẹ wo bóyá àkókó nìkan tó ń gbá igi á tó yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí tèmi kẹ́ ẹ tó pinnu, Sátidé àkọ́kọ́ ní December mò ń gé ọ̀nà karùn-ún, láti aago 9. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ mú ìbọ̀wọ́, ẹni tó bá lè mú mọ́ín-mọ́ín wá kó mú un wá. Ọkọ yín náà kó wá, mo ní ayùn ọwọ́ 2.